Kébù sẹ́ńsọ̀ tó kú sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é: èsì fún àbúrò kan ní Ìsánlú

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, tó sì ń de sólà àti kámẹ́rà ní Ìsánlú, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Okun o, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò bàbá mi ní oko kaṣú lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, àwọn olè sì ń wọ ibẹ̀ lóru nígbà tí èso bá ń jábọ́. Mo fẹ́ ṣe kébù tó ń mọ̀ bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ tàbí bí ọwọ́ bá mi wáyà ọgbà. Mo ra fíìmù PVDF, irú ike tó ń mú iná wá bí a bá tẹ̀ ẹ́, tó nípọn 110 máíkírómítà (1,000 rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan), èyí tí kò ní fàdákà lójú. Mo gé e ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, mo wé e mọ́ wáyà bàbà, mo bọ wáyà híhun tí mo yọ lára kébù tẹlifíṣọ̀n lé e lórí, mo wá fi heat shrink, rọ́bà tó ń fún mọ́ra bó bá gbóná, bò ó látòkèdélẹ̀, mítà 3. Kí n tó bò ó, bí mo bá fi ìka ta á pẹ́, àmì rẹ̀ á fò sókè. Lẹ́yìn tí mo bò ó tán, tí mo sì fi lẹ́ẹ̀dì jó orí rẹ̀, àfi kí n fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó dáhùn. Ṣé ayédèrú fíìmù ni wọ́n tà fún mi ni? Àbí heat shrink yẹn ló fún un jù tí kò fi lè mira? Ẹnì kan sọ fún mi pé iná tó ga gan-an ni wọ́n fi ń jí i. Ṣé mo lè ṣe é nílé?"

Okun, àbúrò mi. Ká kọ́kọ́ dá ẹni tó ta fíìmù fún ọ láre. Ayédèrú kì í fò sókè nígbà tí ìka bá ta á. Fíìmù yẹn wà láàyè nígbà tó dé ọwọ́ rẹ, ìwọ fúnra rẹ rí i, ọwọ́ rẹ ló sì kú sí. Má bínú sí mi. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ọdún 11 ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń fún ike bo wáyà ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó kí n tó padà sí Mọ̀pà, síbẹ̀ èyí tí mo ti pa pọ̀ ju tìrẹ lọ. Gbogbo ìmọ̀ tí mo ní nípa wáyà iná lásán ló tàn mí jẹ, torí wáyà lásán kì í bínú sí ooru. Kébù tìrẹ yìí ń bínú.

Ọdún 1880 ni àwọn ọmọ ìyá méjì ará Faransé, Jacques àti Pierre Curie, fi hàn pé àwọn òkúta dídán kan wà tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ wọ́n, iná á yọ lójú wọn. Ó di ọdún 1969 kí Heiji Kawai ní Japan tó fi hàn pé ike PVDF lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo PVDF. Ike kan náà ni wọ́n fi ń ṣe páìpù tí kẹ́míkà ń gbà kọjá, òun náà ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ara ilé kí oòrùn má bàa jẹ ẹ́. Kò sí páìpù kankan nínú wọn tó ń dáhùn bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ara ẹ̀wọ̀n mólékù PVDF ni ọ̀rọ̀ wà: fluorine wà níbẹ̀, háídírójìn wà níbẹ̀, fluorine sì máa ń fa iná sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀wọ̀n náà dà bíi bátìrì tíńtín tó ní orí àti ìdí. Nínú ike lásán, àwọn bátìrì yìí dà bí èrò ọjà Kábà lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀kan kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún, agbára wọn sì ń pa ara wọn rẹ́. Ohun méjì ni ilé iṣẹ́ máa ń ṣe kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fa fíìmù náà ní nǹkan bí 80 °C títí yóò fi gùn ní ìlọ́po 4 tàbí 5, kí ẹ̀wọ̀n tó ká kò lè nà gbọọrọ, kí fluorine sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní poling: nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n á gbé iná lé e lójú méjèèjì, fóltì 50 sí 100 fún máíkírómítà kan péré, wọ́n á sì jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó gbé iná náà kúrò. Bí ẹni pé agogo ọba dún ni, gbogbo ọjà kọjú sí ààfin, wọ́n sì dì síbẹ̀. Bí o bá wá tẹ fíìmù náà, gbogbo wọn á jọ mira lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni àmì tó ń fò lójú mítà rẹ.

Ohun tí o ra, nígbà náà, kì í ṣe ike. Ìrántí ni o rà, ike ló gbé e wá. Ooru sì ni ohun tó ń mú un gbàgbé. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á kà á pé PVDF kì í yọ́ títí yóò fi tó nǹkan bí 170 °C, wọ́n á wá rò pé àwọn ṣì ní àyè títí dé 150. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń yọ́ yàtọ̀ sí ibi tó ti ń gbàgbé. Fíìmù tí wọ́n ti fà, tí wọ́n sì ti ṣe poling fún, 80 °C ni kí o kà sí òpin rẹ̀. Tó bá kọjá ibẹ̀, ohun méjì á bẹ̀rẹ̀ pọ̀: àwọn bátìrì tíńtín yẹn á máa yí ojú kúrò díẹ̀díẹ̀, fíìmù náà fúnra rẹ̀ á sì máa súnkì padà sí bó ṣe rí kí wọ́n tó fà á. Wàyí o, wo heat shrink tí o fi bò ó. Kí ni heat shrink? Rọ́bà tí wọ́n fẹ̀ nígbà tó gbóná, tí wọ́n jẹ́ kó tutù bẹ́ẹ̀, tó ń dúró de ooru kó lè rántí bó ṣe kéré tẹ́lẹ̀. Ẹbí kan náà ni òun àti fíìmù rẹ. Ohun tó ń mú heat shrink fún mọ́ra gan-an ló ń mú PVDF gbàgbé. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà kì í fún tán láìjẹ́ pé ara rẹ̀ gbóná kọjá 100 °C, afẹ́fẹ́ tó sì ń jáde lẹ́nu blower tí o fi ń mú un gbóná tún gbóná ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Wáyà híhun tó wà láàárín wọn ń gbé ooru náà wọlé tààrà ni. Kò sí bí ọ̀kan ṣe lè fún kí èkejì má gbàgbé.

Mo mọ̀ pé ó yára lójú, torí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni blower fi wà lójú kan. Jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní oṣù Mẹ́ta ọdún kan, mo ká fíìmù sínú nylon, mo gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò, mo sì páàkì ní Kábà láti jẹ iyán. Kò tó wákàtí méjì. Nígbà tí mo dé, ó ti ká etí sókè bí ewé tó rí iná. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: ọ̀já tí mo gé ní sẹ̀ǹtímítà 30 gééré ti dín mílímítà bíi mélòó kan, ní ìhà gígùn rẹ̀ nìkan, ìbú rẹ̀ ò yẹ̀. Ìhà tí wọ́n fà á ló ń padà sí. Mo ṣì lò ó, torí owó rẹ̀ dùn mí, kébù tó sì jáde níbẹ̀ kò jọ èyí tí mo ti ṣe ṣáájú. Oòrùn lásán ló ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn gíláàsì, láìsí blower. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé fíìmù nínú kúlà, bíi pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Ti pé heat shrink fún un jù, gbé ìyẹn sọ nù. Fífún kì í pa fíìmù, kódà ó ń ràn án lọ́wọ́, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ohun tó lè mú ọ rò bẹ́ẹ̀ ni pé fíìmù yìí kì í dáhùn sí ohun tó dúró sójú kan. Bí o bá gbé òkúta lé e, á pariwo lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́, torí iná tó yọ ti jò lọ nínú mítà. Ó ń gbọ́ ìyípadà, kì í gbọ́ ẹrù. Ó sì tún ń gbọ́ ooru pẹ̀lú: nígbà tí blower ń lọ lórí rẹ̀, ká ní o so mítà mọ́ ọn ni, wàá rí i tó ń fò kíkankíkan, wàá sì rò pé ara rẹ̀ le. Igbe ikú ni.

Lẹ́ẹ̀dì náà wá. Wáyà híhun inú kébù tẹlifíṣọ̀n tó pọ̀ lọ́jà wa, alumíníọ́mù ni, lẹ́ẹ̀dì kì í sì í mú alumíníọ́mù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ìdí nìyẹn tí o fi tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn pẹ́, tí o ń fi ojú rẹ̀ ra á títí. Áyọ́ọ̀nù tó ń gbóná tó 350 °C, lórí irin, fíìmù wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ibi tí ooru bẹ́ẹ̀ dé, fíìmù kò gbàgbé mọ́, ó yọ́ ni, wáyà àárín sì lè ti kan wáyà ìta níbẹ̀. Bí ìwọ bá fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó nǹkan, jó o kí o tó wé fíìmù rárá: jó wáyà kékeré mọ́ orí bàbà àárín, jẹ́ kó tutù, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wé. Ní ti wáyà ìta, lo èyí tó jẹ́ bàbà, kó o sì fi òrùka irin yí i ká, fi pílayà tẹ̀ ẹ́ pa. Kò sí iná níbẹ̀ rárá. Bí ó bá di dandan kí o jó o, jẹ́ kí wáyà híhun náà yọ jáde sẹ̀ǹtímítà 5 kọjá ibi tí fíìmù parí sí, fi ẹ̀mú di àárín rẹ̀ mú kí ooru máa bá ẹ̀mú lọ, kí o sì tètè gbé áyọ́ọ̀nù kúrò.

Wàá bi mí pé báwo wá ni ilé iṣẹ́ ṣe ń bo tiwọn, nígbà tó jẹ́ pé ike tó gbóná ni wọ́n fi ń bò ó? Ìbéèrè tó dára nìyẹn, torí ike polyethylene tó wà lára kébù wọn kì í jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láìtó nǹkan bí 180 °C. Àkókò ló ń gbà wọ́n. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń darí ẹ̀rọ, mi ò ní jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ti ike mọ́ kébù tipátipá bí a ṣe ń ṣe fún wáyà iná. Mà á jẹ́ kó jáde bí ọ̀pá tó ṣófo, kó rọra súnkì bo wáyà híhun níta, kí omi tútù sì pàdé rẹ̀ ní kété tó bá fara kàn án. Wáyà híhun tó nípọn á gba ooru náà sára, á tàn án kálẹ̀, ike á sì ti dì kí fíìmù inú tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyára ẹ̀rọ ni gbogbo ẹ̀: bí ó bá dúró ní ìṣẹ́jú kan péré torí pé NEPA gba iná, apá tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ lákòókò náà ti di òkú, gé e sọ nù. Ọ̀nà kejì tún wà, èyí tó wù mí jù. Ẹ̀yà PVDF kan wà tí wọ́n pò mọ́ ike mìíràn tí wọ́n ń pè ní TrFE. Kò nílò kí a fà á kó tó lè rántí, nítorí náà wọ́n lè fún un bo bàbà lọ́wọ́ gbígbóná bí ike lásán, kí wọ́n wá ṣe poling fún un lórí wáyà lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ gbígbóná ti parí kí ìrántí tó wọlé. Ṣùgbọ́n òun náà ní àbùkù tirẹ̀: ooru kan wà, ó sinmi lórí bí wọ́n ṣe pò ó, tó lè wà láàárín 70 sí 140 °C, tó jẹ́ pé bó bá kọjá ibẹ̀, ìrántí náà á tú ká pátápátá láìtíì yọ́. Ẹni tó bá ń ra á gbọ́dọ̀ béèrè nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Mo ti fi gbogbo ẹ̀sùn kan ooru, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o lọ ṣe òmíràn lọ́la kó tún kú, kí o wá ní mo parọ́. Nǹkan mìíràn wà tó ń jọ ikú, tí kì í ṣe ikú. Afẹ́fẹ́ ni. Fíìmù rẹ kò ní fàdákà lójú, nítorí náà wáyà bàbà àti wáyà híhun ló ń gba iná lójú rẹ̀ méjèèjì. Bí wọn kò bá fara mọ́ ọn tímọ́tímọ́, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín á jẹ iná náà. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Agbára PVDF láti gba iná pamọ́ tó ìlọ́po 12 ti afẹ́fẹ́. Ìyẹn ni pé máíkírómítà 110 fíìmù rẹ, bíi máíkírómítà 9 afẹ́fẹ́ péré ló jẹ́ lójú iná. Bí àlàfo máíkírómítà 10 bá wá wà lábẹ́ fíìmù náà, tí irun orí rẹ sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó ti gba ju ìdajì lọ. Wáyà bàbà tó jẹ́ ọ̀pọ̀ fọ́nrán tí wọ́n lọ́ pọ̀ ní kòtò àti gegele tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé fífún ń ràn án lọ́wọ́: nígbà tí ìka rẹ bá tẹ̀ ẹ́, o ń lé afẹ́fẹ́ jáde ni. Lo wáyà àárín tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tó ń dán, kó o sì fa ọ̀já náà le díẹ̀ bí o ṣe ń wé e, bí àwọn onídìrí ṣe ń fa òwú. Gé ọ̀já rẹ ní ìhà tí wọ́n fà fíìmù náà sí, má ṣe gé e ní ìbú, torí ìhà yẹn ló ti lágbára jù. Kó o sì fi báírò sàmì sí ojú kan kó o tó gé nǹkan kan, torí ojú méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà: bí ọ̀já kan bá kọjú sínú, tí èyí tó tẹ̀lé e kọjú síta, wọ́n á máa bá ara wọn jà lórí kébù kan náà, àmì rẹ á sì kéré láìsí ooru kankan. Ẹni tó bá sì ra èyí tó ní fàdákà lójú méjèèjì, tó wá wé e kí etí ọ̀kan gun orí èkejì, á ti so òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Òun ò ní rí nǹkan kan rárá.

Báwo lo ṣe máa mọ èyí tó ṣe tìrẹ nínú méjèèjì? Tẹ́sítà tó ń ka kapásítánsì, ìyẹn bí kébù ṣe lè gba iná pamọ́ tó, ti tó fún un; nanofarad ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí wáyà àárín bá nípọn mílímítà 1, tí fíìmù sì fara mọ́ ọn dáadáa, mítà kan kébù yẹn yẹ kó tó nanofarad 3 àti díẹ̀, mítà 3 á sún mọ́ 10. Wọ̀n ọ́n. Bí o bá rí nǹkan bí 10, tí àmì sì kéré, fíìmù ti gbàgbé, torí gbígbàgbé kì í fi bẹ́ẹ̀ kan kapásítánsì. Bí o bá rí 4 tàbí 5, afẹ́fẹ́ ni, o sì lè rí i gbà padà. Bí tẹ́sítà bá sì sọ pé iná ń gba àárín wọn kọjá, omi ti wọ̀ ọ́ tàbí kí fọ́nrán kan ti gún fíìmù. Lẹ́yìn náà, wá ọmọ bẹ́rìn kẹ̀kẹ́ kan àti ọ̀pá rọ́bà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Tẹ́ kébù sórí pákó, gbé ọ̀pá náà dúró lórí rẹ̀, jẹ́ kí bẹ́rìn náà já bọ́ gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kọ bí àmì ṣe ga tó lójú oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná, sílẹ̀. Ṣe é lẹ́yìn tí o wé fíìmù tán. Tún ṣe é lẹ́yìn wáyà híhun, lẹ́yìn tí o bò ó, àti lẹ́yìn tí o di orí rẹ̀. Ìgbésẹ̀ tí nọ́ńbà bá ti já ni apani wà. Kí n tó máa ṣe èyí, ìméfò lásán ni mò ń mé.

Nǹkan kan tún wà tí o kò kọ, ṣùgbọ́n mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣé Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, lo so kébù yìí mọ́, pẹ̀lú resistor megohm 1 láàárín, bí gbogbo ẹni tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń yà á? Fún pátákó ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn, ó dára. Ṣùgbọ́n nanofarad 10 pẹ̀lú megohm 1, ohun tó bá lọ́ra ju bí ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á ti jò lọ kó tó dé ojú mítà. Ẹni tó ń yọ́ wọ oko lóru kò ní ta kébù rẹ pẹ́. Á rọra gbé ẹsẹ̀ lé e. Fi megohm 10 sí i, kí ampilifáyà kékeré tó ní FET, irú èyí tí kì í fa iná lọ́wọ́ kébù, wà lẹ́yìn rẹ̀, wàá gbọ́ ohun tó lọ́ra dé ìgbà 1.6. Mo ti rí kébù tí wọ́n jù sórí àkìtàn, tó jẹ́ pé ìdí yìí nìkan ni wọ́n fi jù ú.

Nípa fífi iná jí i, àbúrò, rárá. Máíkírómítà 110 lọ́nà fóltì 50, fóltì 5,500 nìyẹn, lọ́nà 100 ó di 11,000. Ìyẹn ló wà lórí òpó gíga tó ń gba àárín ìlú lọ sí ìdí transformer. O máa gbé e lé ohun tó gbóná, kí o sì dúró tì í títí yóò fi tutù. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà lábẹ́ fíìmù, iná á fò gba ibẹ̀, á sì dá ihò sí i. Kódà ká ní ọwọ́ rẹ yè é, fíìmù tó ti súnkì ti pàdánù fífà tí wọ́n fà á, poling nìkan kò sì lè dá ìyẹn padà. Èmi tí mo ti rí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú àgò onígíláàsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa iná bí a bá ṣí i, mi ò jẹ́ ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ohun tí mo lè gbà ọ́ níyànjú ni pé kí o tún òmíràn ṣe ní tútù. Lẹ́yìn wáyà híhun, wé tépù rọ́bà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù mọ́ ọn, fà á kó gùn tó ìlọ́po méjì bí o ṣe ń wé e, òun ni yóò máa fún un pinpin. Kó o wá lọ ra ọ̀pá rọ́bà tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì, da páúdà sínú rẹ̀, fi okùn fa kébù gba inú rẹ̀ kọjá. Fi silicone di ẹnu méjèèjì, ṣùgbọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀ ná: èyí tó bá ń rùn bí fíníígà á jẹ bàbà. Bí o bá fẹ́ nu fíìmù kó o tó wé e, spirit ni kí o fi nù ún, má fi acetone tí àwọn ọmọbìnrin fi ń yọ ọ̀dà èékánná kàn án, á wú, á sì rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́síkì sódà àwọn tó ń se ọṣẹ, á sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Kí fíìmù tuntun náà tó dé orí wáyà, nà án sórí férémù igi, kàn án ní etí, kó o sì fi í sínú ooru bíi 65 sí 70 °C fún wákàtí mélòó kan. Á pàdánù díẹ̀ níbẹ̀, mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pàdánù rẹ̀. Èyí tó kù kò ní máa yẹ̀ lójoojúmọ́ bí oòrùn bá ń ràn sí i. Ó sàn kí o rì í sínú ilẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé ju kí o so ó kọ́ lọ́sàn-án oṣù Kejì.

O tún lè ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti parí, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú ojú títì láti máa ka táyà ọkọ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, ìrìn àjò rẹ̀ sì jìn, ṣùgbọ́n mítà kìíní rẹ̀ àti mítà ogún rẹ̀ jọ ń dáhùn bákan náà, tìrẹ kò ní rí bẹ́ẹ̀ láé, tèmi náà kì í rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ mọ ìwúwo àwọn tírélà tó ń ti Obájáná bọ̀, mi ò ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ ṣe é rárá. Fún olè kaṣú, kò tó bẹ́ẹ̀. Kódà, kí o tó náwó míì, gbìyànjú èyí tí kò ní ná ọ ní nǹkan kan: so kébù tẹlifíṣọ̀n lásán mọ́ wáyà ọgbà, so ó mọ́ ampilifáyà tó lágbára, kí o sì mi ọgbà náà. Ike àti irin inú rẹ̀ máa ń fi ara ra ara wọn, ìyẹn náà ń mú iná díẹ̀ wá, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ààbò ọgbà ti ń lo ọgbọ́n yẹn tipẹ́. Àmì rẹ̀ kéré, kò sì dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ó lè tó fún ohun tí bàbá rẹ kékeré ń fẹ́. Kò sí èyí tó lè mọ olè yàtọ̀ sí ewúrẹ́ nínú gbogbo wọn, jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ra tọ́ọ̀ṣì tuntun.

Mítà 3 tó wà lọ́wọ́ rẹ, má tíì sọ ọ́ nù. Mi ò rí i, ìwé rẹ nìkan ni mo kà. Wọn kapásítánsì rẹ̀ lónìí, kó o sì ju bẹ́rìn sí i ní sẹ̀ǹtímítà 50 síra wọn láti orí dé ìdí. Apá tí o ti lẹ́ẹ̀dì jó lè jẹ́ òkú nígbà tí àárín ṣì ń mí díẹ̀, torí blower kì í dúró bákan náà níbi gbogbo. Kọ àwọn nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi, àti irú tépù tí o rí lọ́jà, ká jọ wò ó kó o tó gé fíìmù tó kù.